Lítíréṣọ̀ Méjì Ló Wà

Ẹ̀rín àti ọ̀yàyà ni wọ́n fi ba ọ̀nà mi jẹ́. Kò sí ẹni tó pariwo, kò sí ẹni tó bú ẹnì kan. Wọ́n fún bàbá mi ní àga, wọ́n gbé omi tútù wá fún un, wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n béèrè àlàáfíà ará ilé, wọ́n tún béèrè ti ará ibi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa kí ara wọn tán, ọ̀rọ̀ tó gbé wa wá kò gbà ju ìbéèrè kan àti ìdáhùn kan lọ. Ìbéèrè yẹn àti ìdáhùn yẹn ni mo ṣì ń jẹ ìyà wọn títí di òní.

Àkúrẹ́ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ní Alágbàká. Ọmọ Àkúrẹ́ ni òun. Ọmọ Oǹdó ni ìyá mi, ó sì kú nígbà tí mo ṣì kéré. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí ní ọkùnrin tó ń jáde láàárọ̀ tó ń wọlé nírọ̀lẹ́ kò lè dá tọ́ ọmọbìnrin, ni wọ́n bá ní kí n máa lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Odòjọ́mù, nílùú Oǹdó. Ibẹ̀ ni mo ti wọ ilé ìwé gíga ìjọba. Tí wọ́n bá ti fún wa nísinmi, màá wọ mọ́tò, màá gba Ọ̀wẹnà kọjá, màá lọ bá bàbá mi l'Ákùúrẹ́.

Nínú irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lọ́yà ti wọlé. Ẹbí bàbá mi ní ilẹ̀ lọ́nà Ọbà-Ilé, ẹnì kan sì ti tà á fún ẹlòmíràn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́ náà, bàbá mi mú mi dání lọ sí kóòtù nítorí pé kò rí ẹni tó máa fi mí tì. Lọ́yà tó gba ẹjọ́ wa rò jẹ́ obìnrin kúkúrú kan, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rárá. Ó kàn ń bi ọkùnrin tó ta ilẹ̀ wa léèrè ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ ni ín? Ọwọ́ ta lẹ ti rà á? Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á? Bó ṣe ń bi í bẹ́ẹ̀ náà ni òógùn ń bo ọkùnrin yẹn, tó sì ń ta ko ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀. Gbogbo àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ dákẹ́ fún obìnrin yìí. Èmi tí wọ́n ń lé kúrò nídìí ọ̀rọ̀ àgbà láti kékeré, mo rí ibì kan láyé tí obìnrin ti lè bi àgbà ní ìbéèrè, tó sì di dandan kí àgbà dáhùn. Mo fẹ́ ẹ. N kò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì tún fẹ́ nǹkan mìíràn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a jáde, bàbá mi bi lọ́yà náà pé kí ni ọmọ tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kà ní ilé ìwé gíga. Ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó tún ní lítíréṣọ̀. Ó ní yunifásítì kò ní gba ẹnikẹ́ni láti ka òfin láìsí lítíréṣọ̀. Bàbá mi gbé ọ̀rọ̀ yẹn dání délé bí ẹni gbé ẹyin. Láti ọjọ́ náà, tí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ bá bi í léèrè nípa mi, á ní, "Ọmọ mi a ṣe uṣẹ́ lọ́yà. Lítíréṣọ̀ nìkan ló kù kó kà."

Ẹni tó bá ka ìwé nílẹ̀ wa mọ bí wọ́n ṣe ń pín ọmọ sí kíláàsì nígbà tí wọ́n bá wọ ọdún kẹrin. Wọ́n á kó àwọn tó mọ ìṣirò sí sáyẹ́ǹsì. Wọ́n á kó àwọn tí òbí wọn ń ṣòwò sí kọmáṣà. Àwa yòókù, wọ́n á da wa sí áàtì bí ìgbà tí wọ́n bá gbá ilẹ̀ jọ. Bí o bá ní áàtì ló wù ọ́, tí kì í ṣe pé o kùnà ìṣirò, ńṣe ni wọ́n á máa wò ọ́ pé bóyá nǹkan ń ṣe ọ́. Mo mọ ìṣirò. Mo sọ fún wọn pé áàtì ni mo fẹ́ nítorí òfin, tíṣà ìṣirò wa sì bá mi bínú odidi sáà kan.

Bí wọ́n ṣe da wa sí áàtì tán ni ìjọba gbé tíṣà lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wa lọ sí ilé ìwé mìíràn lọ́nà Ìgbàrà-Òkè. Wọn kò fi ẹnì kan rọ́pò rẹ̀. A ń retí, a ń retí, pátákó àkókò ẹ̀kọ́ ṣì gbé "LIT" dání lọ́jọ́ Ajé àti lọ́jọ́rú, kò sí ẹni tó wọlé. Nígbà tó yá, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, tí gbogbo wa ń pè ní Fíìpíì, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní àkókò yẹn. Tíṣà Yorùbá ni. Ẹni tó bá kàwé Yorùbá mọ̀ pé apá mẹ́ta ni wọ́n pín iṣẹ́ náà sí: èdè, àṣà àti lítíréṣọ̀. Lítíréṣọ̀ yìí ló ń kọ́ wa. Ọ̀kan nínú wa dìde lọ́jọ́ kìíní, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wà lójú pátákó." Fíìpíì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Lítíréṣọ̀ ni lítíréṣọ̀ ń jẹ́. Àbí tí wọn ò bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn, kì í ṣe ìtàn mọ́?" Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ń ka ewì fún wa, ariwo ọjà ìta kò ní dé etí wa mọ́. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀, bí a ṣe ń mọ ohun tí ẹnì kan fi pa mọ́ sábẹ́ ohun tó sọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé ẹni tí mo fẹ́ràn ni. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tíṣà tó máa ń sùn sórí tábìlì ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán nínú mi.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Nígbà tí mo lọ sí Àkúrẹ́ fún ìsinmi, mo sọ fún bàbá mi pé kò sí tíṣà lítíréṣọ̀ ní ilé ìwé wa. Ó fò dìde. Ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó tẹ̀ lé mi lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ tí a wọlé, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn Àjíǹde. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé bàbá mi ń lọ jà fún mi.

Fíìpíì ni wọ́n mú wa lọ bá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bàbá mi mọ̀ ọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni Fíìpíì àti ìyá ìyá mi ń lọ, àgbà sì ni fún bàbá mi. Òun ló darí àwọn obìnrin tó dúró ti pósí ìyá mi. Bàbá mi, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ níbi iṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó sì gbọ́dọ̀ fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀. Ta ló máa kojú irú ìyá bẹ́ẹ̀ kó máa sọ Gẹ̀ẹ́sì fún un? Ìgbéraga ni wọ́n á pè é. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀: bó bá ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì ló sọ lọ́jọ́ yẹn, tó sì pe ẹ̀kọ́ náà ní orúkọ tó ń jẹ́ lórí ìwé ìdánwò, bó bá ṣe pé ó rí àgbàlagbà yẹn fín díẹ̀ péré, lọ́yà ni ǹ bá jẹ́ lónìí.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," bàbá mi wí, "ọmọ yín yìí, ṣé ó ń ka lítíréṣọ̀?"

"Lítíréṣọ̀ kẹ̀!" Fíìpíì ju ọwọ́ sókè. "Àfi ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òun ló ń ṣe ipò kìíní. Kò sí ohun tí mo kọ́ ọ tí kò gbà."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ṣeun mà. Olúwa á dá yín sí."

Mo wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ní, "Bàbá, ti Yorùbá ni. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni..." Bàbá mi yíjú wò mí, ojú yẹn tó láti dá òjò dúró. Fíìpíì ní, "Ẹ jẹ́ á fi í sílẹ̀, ọmọdé ni, ó rò pé àwọn òyìnbó nìkan ló ní lítíréṣọ̀." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Wọ́n bá ọ̀rọ̀ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Bí bàbá mi ṣe ń wọ mọ́tò padà sí Àkúrẹ́, ó ní kí n yéé ba àgbà lórúkọ jẹ́, pé ẹnu àgbà lobì ń gbó sí. Mo sunkún délé, ìyá ìyá mi sì rò pé àárò bàbá mi ló ń sọ mí.

N kò tún sọ ọ́ mọ́. Ta ni kí n sọ ọ́ fún? Àwọn méjì tó yẹ kó mọ̀ ti jọ gbà pé mo ń kà á.

Mo kàwé. Nígbà tí èsì ìdánwò àṣekágbá jáde, mo gba "A" nínú Yorùbá, mo yege nínú gbogbo ìyókù. Bàbá mi ra àkàrà òyìnbó fún gbogbo ọ́fíìsì. Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan nítòsí Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ láti lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣewọlé yunifásítì. Ọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà béèrè ohun tí mo fẹ́ kà. Bàbá mi dá a lóhùn kí n tó la ẹnu, ohùn rẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù náà: "Òfin!" Àwọn èèyàn tó tò sẹ́yìn wa wojú mi. Ọkùnrin náà gba èsì mi, ó wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀.

"Lítíréṣọ̀ yín dà?"

"Òun nìyẹn," bàbá mi wí, ó fi ìka tọ́ka sí Yorùbá.

"Bàbá, Yorùbá nìyí," ọkùnrin náà wí.

"Inú Yorùbá náà ni lítíréṣọ̀ wà. Ìwọ kọ́ ló kọ́ ọ. Ọmọ mi yìí ló ṣe ipò kìíní nínú ẹ̀."

Ọkùnrin náà fi sùúrù gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Kò fi wá ṣẹ̀sín, ìyẹn gan-an ló burú. Ó ní, "Bàbá, lítíréṣọ̀ méjì ló wà. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń béèrè."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Bàbá mi dúró síbẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn wa sì ń tẹ̀ síwájú. Nígbà tí a jáde síta, mo retí pé yóò sọ pé a ń lọ sí Oǹdó báyìí báyìí. Ohun tó sọ ni pé, "Kí ló dé tí o ò sọ?"

Mo ti dárí ji bàbá mi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan. N kò dárí gbólóhùn yẹn jì í.

Wọ́n ní kí n lọ ṣe lítíréṣọ̀ nìkan, nínú ìdánwò tí àwọn tó ti kúrò nílé ìwé máa ń ṣe. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan l'Ákùúrẹ́ níbi tí wọ́n ti ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bá ọmọbìnrin kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Òun kò wá tún nǹkan kan ṣe o, èsì tirẹ̀ ti pé. Ìdánwò àṣewọlé nìkan ló ń múra sílẹ̀ fún, òfin lòun náà fẹ́ kà. Ó mọ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ó ń ràn mí lọ́wọ́, ọmọ dáadáa ni. Nígbà tí mo sọ ilé ìwé tí mo ti jáde fún un, ó ní, "Ha, màmá mi ni Fíìpíì yín!"

Mo bi í pé ilé ìwé wo lòun lọ. Ó dárúkọ ilé ìwé aládàáni kan l'Ákùúrẹ́, níbi tó ti ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò màmá rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ọdún kẹrin, ó wu òun láti wá sí ilé ìwé wa, kí òun lè máa gbé lọ́dọ̀ màmá òun, ṣùgbọ́n màmá òun kọ̀ jálẹ̀. Màmá òun ní wọn kò ní tíṣà lítíréṣọ̀ níbẹ̀.

Ó sọ ọ́ láìní nǹkan kan nínú. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Títí dìgbà yẹn, mo rò pé àṣìṣe ni, pé ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ́ orúkọ méjì nílẹ̀ wa tí àwọn àgbà méjì sì kọsẹ̀ lára rẹ̀. Bàbá mi nìkan ló kọsẹ̀. Obìnrin yẹn mọ̀. Nígbà tó ju ọwọ́ sókè tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó mọ̀.

Mo wọ mọ́tò Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mo bá a nílé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó dìde, ó dì mọ́ mi, ó ní mo ti rù. Mo bi í léèrè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìgbé ohùn sókè. Mo ní, mà, ṣé ẹ mọ̀ pé ti Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá mi ń béèrè? Ó ń yí ẹ̀wà lọ́wọ́. Mo rò pé yóò sẹ́. Kò sẹ́.

Ó ní, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Bí mo bá sọ fún bàbá rẹ, á mú ọ lọ. Bí mo bá sọ fún bàbá ẹlòmíràn, òun náà á mú ọmọ tirẹ̀ lọ. Ta ló máa wá kù? Wọ́n á ti áàtì pa, wọ́n á pín àwa tíṣà káàkiri. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ò lè gbé lọ síbì kankan, ṣé inú igbó ni kí wọ́n lọ kàwé?"

Mo ní, "Ọmọ tiyín ńkọ́, mà?"

"Ọmọ tèmi, èmi ni mo bí i." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. "Má bínú. Ọlọ́run ló mọ ibi tó ń mú ọ lọ."

Wọn a ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó wà lọ́jà. Orí ọmọ tirẹ̀ ló ń gbé ró. Ó fi ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá lọ̀ mí, mo ní mo ti jẹun, mo sì ń lọ.

Mo yege nínú lítíréṣọ̀ náà. Mo yege nínú ìdánwò àṣewọlé pẹ̀lú. Nígbà náà ni yunifásítì tí mo yàn sọ fún wa pé ní ti òfin, àwọn kì í gba èsì ìdánwò tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀mejì, pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé kan ṣoṣo. Àfi kí n tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ní ó ti rẹ òun. Ó ní ọmọbìnrin kì í jókòó sílé kó máa ṣe ìdánwò títí irun á fi funfun. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wà ní Oǹdó, ó ní kí n lọ ka Yorùbá, ṣebí "A" ni mo gbà nínú rẹ̀. Wọ́n gbà mí kíákíá. Ọmọ Fíìpíì ti di lọ́yà báyìí, mo rí fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú àti wíìgì funfun lórí fóònù. Ó dára lára rẹ̀. Mo pa fóònù náà.

Ilé ìwé ìjọba kan l'Ákùúrẹ́ ni mo ti ń kọ́ni báyìí. Àwọn èèyàn ń sọ pé mo mọ̀ ọ́n kọ́. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń sọ fún àlejò pé láti kékeré ni Yorùbá ti wù mí, pé èmi fúnra mi ni mo yàn án. Mo máa ń dìde lọ sínú ilé ìdáná nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún yìí, nígbà tí wọ́n ń pín àwọn ọmọ sí kíláàsì, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá. Ọmọ náà fẹ́ ka òfin. Kò sí tíṣà lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé tiwa náà, ó ti pẹ́ tí kò ti sí, ọ̀gá wa sì ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má dẹ́rù ba òbí. Mo tẹ̀ lé ìyá náà dé ìdí igi tó wà lẹ́bàá géètì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú ọmọ rẹ̀. Mo ní kó gbé ọmọ náà kúrò níbí kí ọjọ́ tó lọ, kó wá ilé ìwé tó ní tíṣà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jìnnà sílé. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì kó má baà ṣì mí gbọ́.

Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ẹ má bínú o, ùwé kí ni ẹ̀yin ń kọ́ wọn?"

Mo ní Yorùbá ni.

Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Kò bú mi. Ó dúpẹ́, ó tún àpò rẹ̀ gbé kọ́ èjìká. Bí wọ́n ṣe ń padà lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, mo gbọ́ ohun tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀: "Tíṣà Yorùbá. Kí ló mọ̀ nípa ohun tí lọ́yà ń kà?"

Ọmọ náà wà ní kíláàsì mi báyìí. Iwájú ló ń jókòó, ìbéèrè rẹ̀ kì í tán, inú rẹ̀ sì máa ń dùn tó bá rí mi. N kì í lè wo ojú rẹ̀ pẹ́.